Ogun Ńlá, Ọmọ Ogun Bíi Hóró Ẹ̀wà: Ọkùnrin Tó Mọ Waterloo Parí, Tí Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Wọgbó

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ká tó gbéra. Bí oníbàárà ńlá kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, tó ní kí ẹ bá òun ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú ẹ̀ rí, tó fún yín lówó díẹ̀, tó ní, "Ẹ máa bá a lọ, ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹ ti bá iṣẹ́ dé ìdajì, ó wá ní òun kò ṣe mọ́. Kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa pa á tì ni, àbí ẹ máa yáwó parí ẹ̀?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe aránṣọ Ìbàdàn, kì í sì í ṣe káfíńtà Mushin. Òyìnbó ni, ṣọ́jà ni, William Siborne lorúkọ ẹ̀. Oníbàárà tó já a jù sílẹ̀ náà kì í ṣe ẹni kékeré: ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Iṣẹ́ ọ̀hún wà ní London títí dòní, mo fojú ara mi rí i. Mo sì tún dé ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, mo lọ wo oko tó gbé láti wọn ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, òun ni mo kó wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí.

OGUN WO NI?

Ẹ máa rántí orúkọ Napoleon Bonaparte, ọba ilẹ̀ Faransé tó da gbogbo Yúróòpù láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti lé e kúrò lórí oyè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kan. Ní 1815, ló bá yọ́ kúrò níbẹ̀, ó padà wálé, ó tún gorí oyè. Àwọn ọba yòókù ní ó tó gẹ́ẹ́. Lásìkò yẹn, ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lórí ìdúró.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1815. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Inú oko ọkà ni wọ́n ti pàdé, nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀mù. Napoleon kó ọmọ ogun bíi 73,000 wá. Ọ̀gágun Wellington ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 68,000: àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àwọn Dọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, àwọn Bẹ́ljíọ̀mù àtàwọn ọmọ Jámánì náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹni ọdún 72, Ọ̀gágun Blücher ti ilẹ̀ Purọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tirẹ̀ wọlé láti apá ìlà oòrùn, wọ́n tó bíi 50,000.

Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, wọ́n ti tú ogun Napoleon ká. Àwọn tó kú àtàwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn sún mọ́ 50,000. Wọ́n gbé Napoleon lọ sí erékùṣù St Helena láàárín òkun, ibẹ̀ ló kú sí ní 1821. Bí ogun náà ṣe parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ogun bá parí, ẹjọ́ ẹni tó ja ogun kì í parí.

MO DÉ CHELSEA

Mùsíọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n ń pè ní National Army Museum, wà ní àdúgbò Chelsea ní London. Bí ẹ bá bọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Sloane Square, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn ín dé. Lójú ọ̀nà, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá kan tí ọba Charles Kejì dá sílẹ̀ ní 1682 fún àwọn ṣọ́jà tó ti darúgbó. Títí di ìsinsìnyí, àwọn arúgbó ṣọ́jà ń gbé ibẹ̀, ẹ sì lè bá ọ̀kan pàdé nínú ẹ̀wù pupa rẹ̀. Ní mùsíọ́ọ̀mù náà, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣáà máa wọlé.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ kò ṣeé gbé sórí tábìlì o. Yàrá odindi ló gbà. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà bí ogún níbùú lóròó. Gbogbo oko Waterloo ni wọ́n mọ síbẹ̀: òkè, àfonífojì, ọ̀nà, ilé oko, ọgbà, igi, àní oríṣiríṣi ọkà tó wà lóko lọ́jọ́ yẹn. Bí èèyàn bá dúró lókèèrè, oko lásán ló máa rí. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Háà! Èèyàn ni gbogbo ohun tó rí wínníwínní yẹn. Ṣọ́jà ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n ní orí, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní ẹ̀wù aláwọ̀. Àwọn kan gun ẹṣin. Àwọn kan dúró ti ẹ̀rọ àgbá. Gbogbo wọn lé ní 70,000.

Tánńganran tí wọ́n pò mọ́ òjé ni wọ́n fi rọ wọ́n, bí àwọn tó ń rọ ìkòkò álúmínì ṣe ń yọ́ irin sínú mọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ọ̀dà kùn wọ́n. Ẹ̀yin kùnlé-kùnlé, ẹ̀yin tó ń kọ àkọlé sára mọ́tò, ẹ gbọ́ ná: ẹ̀dá tó tó hóró ẹ̀wà, ẹ kùn ún ní ẹ̀wù pupa, ṣòkòtò, bàtà àti ìbọn, kí ẹ wá ṣe é ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin lọ!

Àwọn oníṣirò inú yín á fẹ́ mọ ìwọ̀n tó lò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ló fi dúró fún máìlì kan. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n yẹn gan-an ló fi ṣe àwọn ọmọ ogun, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò bá má tóbi ju orí ìṣáná lọ, ojú kò sì ní rí wọn. Ó wá jẹ́ kí wọ́n tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, mìlímítà 10, ó sì fi ọ̀kan dúró fún èèyàn méjì. Ọgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Aránṣọ tó mọṣẹ́ náà mọ ìgbà tó yẹ kí òun fi ínǹṣì kan kún un.

Ohun tó mú mi pẹ́ níbẹ̀ ni aago. Kò sí aago lára ògiri o, inú iṣẹ́ náà ni aago wà. Siborne kò mọ gbogbo ogun láti àárọ̀ dé alẹ́. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló mú: aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15 ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Napoleon rán àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù lọ gun òkè lọ bá Wellington, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí ìgbín àti ahun. Ibẹ̀ ló ti dá gbogbo ayé dúró. Ẹni tó ń ṣubú kò tíì ṣubú tán. Ẹni tó ń sáré kò tíì débi tó ń lọ.

OṢÙ MẸ́JỌ NÍNÚ OKO OLÓKO

Ta wá ni Siborne yìí? Wọ́n bí i ní 1797. Kò jagun Waterloo. Ogun ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ wọ̀n, ó mọ máàpù yà, ó ti kọ ìwé lórí bí a ṣe ń mọ òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní kékeré. Ní 1830, Lord Hill tó jẹ́ olórí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà pè é, ó ní kó bá ìjọba mọ ogun Waterloo, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

Siborne kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa yàwòrán láti inú ìwé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ó lọ gbé nínú ilé oko kan tó ń jẹ́ La Haye Sainte, láàárín ibi tí ogun ti gbóná jù. Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ó ń wọn ilẹ̀ ní àwọ̀n-tún-wọ̀n, ó ń wo ibi tí òkè ti yọ, ibi tí kòtò ti jìn, ibi tí ọ̀nà gbà kọjá.

Ìṣòro ńlá kan wà níbẹ̀. Wọ́n ti ba ilẹ̀ náà jẹ́ kó tó dé! Ọba ilẹ̀ Netherlands ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ jọ di òkè ńlá níbi tí wọ́n ti ṣe ọmọ òun léṣe lójú ogun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1820, wọ́n parí ní 1826. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mọ àwọn tó ru erùpẹ̀ náà? Àwọn obìnrin alábàárù tó wá láti agbègbè Liège, wọ́n gbé agbọ̀n kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń pọ̀n ọ́n gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bu erùpẹ̀ ọ̀hún gan-an ni orí òkè tí Wellington tò àwọn èèyàn rẹ̀ sí. Òkè náà wá rẹlẹ̀. Siborne ní láti máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n rí kó tó lè mọ òkè náà bó ṣe wà lọ́jọ́ ogun.

LẸ́TÀ LÓ FI ṢE É

Ẹ̀yin tó máa ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn wa, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Ilẹ̀ ti wà, ó ku àwọn èèyàn orí ilẹ̀. Ta ló dúró síbo ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15? Siborne bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà tó ja ogun náà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ó fi máàpù ránṣẹ́ sí wọn, ó ní: ẹ bá mi fi àmì síbi tí ẹ̀yin àtàwọn èèyàn yín wà. Báwo lẹ ṣe tò? Àwọn ọ̀tá wo ló wà níwájú yín? Irú ọkà wo ló wà ní oko tí ẹ dúró sí?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló wú mi lórí jù. Ọkà! Ẹlòmíràn á ní kí ni ọkà fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba àárín oko àgbàdo kọjá rí mọ̀ pé ohun tó ga ju èèyàn lọ lè pa ọ̀tá mọ́. Ọkà ráì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ga débi pé ọmọ ogun lè kó sínú ẹ̀ kí á má rí i. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èsì dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni. Àwọn kan kọ ojú ìwé púpọ̀, àwọn kan kọ ìlà díẹ̀. Ó ti tó bí ogún ọdún tí ogun ti parí, oníkálukú ló sì ń sọ ti ojú ara rẹ̀. Ẹni tó wà nínú èéfín kì í rí ju ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹni kan á ní apá ọ̀tún làwọn wà, ẹni kejì á ní irọ́ ni, àwa la wà níbẹ̀. Siborne wá di bíi baálẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀: ó ń fi ẹ̀rí ti ẹ̀rí, kó tó gbé ọmọ òjé kan kalẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà kò sọnù. Ọmọ rẹ̀ kó púpọ̀ nínú wọn jáde ní ìwé ní 1891, wọ́n sì wà ní ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London títí dòní.

ÌJỌBA NÍ OWÓ TI TÁN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò nìyí. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń lọ. Ìjọba kan ló gbé iṣẹ́ fún Siborne, ìjọba mìíràn ló bá a lórí ẹ̀. Ní 1833, àwọn tuntun ní àwọn kò lè san owó kankan mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun kékeré. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbọ́.

Ẹ̀yin ará, kí lẹ bá ṣe? Siborne kò pa á tì. Ó ná owó ara rẹ̀, ó yá ti ẹlòmíràn, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Áyálándì, ó sì ń bá ogun kékeré rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa parí ẹ̀ ní 1838, ó ti jẹ owó tó tó nǹkan bí 3,000 pọ́n-ùn. Láyé ìgbà yẹn, owó ńláńlá ni.

Wọ́n gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Piccadilly ní London, wọ́n pè é ní Egyptian Hall, kí aráyé wá wò ó. Ṣílè kan ni owó ìwọlé. Èrò ya bo ibẹ̀, àwọn tó wò ó tó nǹkan bí 100,000. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò. Àwọn àgbà wa tó ná pọ́n-ùn àti ṣílè kí náírà tó dé ní 1973 mọ̀ pé 20 ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan. 100,000 ṣílè, 5,000 pọ́n-ùn nìyẹn. Ẹni tó ná 3,000 tó pa 5,000, ṣé kò yẹ kó jèrè?

Owó náà kò dé ọwọ́ Siborne. Ọwọ́ àwọn tó ń bá a ṣe ìpàtẹ ló parí sí. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí ìjọba wá ra iṣẹ́ náà, wọ́n kọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, bí mo ṣe ń wo àwọn ọmọ òjé yẹn nínú gíláàsì, owó yìí ni mò ń rò. Iṣẹ́ wà níwájú mi, ó ń dán. Ẹni tó ṣe é kò rí owó ẹ̀ jẹ.

ÀWỌN ALÁBÀÁJÀ TÍ WỌN KÒ FẸ́ KÍ A RÍ

Owó nìkan kọ́ ni ìjàngbọ̀n tó wà níbẹ̀. Òótọ́ náà dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ rántí Bàbá Blücher tó kó àwọn ọmọ Purọ́ṣíà dé ní ìrọ̀lẹ́. Siborne kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ogun wọn ní Berlin, ó bi wọ́n ní ìbéèrè bó ṣe bi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún un lésì. Ó wá rí i pé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15, àwọn ọmọ Purọ́ṣíà ti wà lójú ogun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ti ń bá àwọn Faransé jà kíkankíkan ní abúlé Plancenoit, wọ́n sì ti fa àwọn ọmọ ogun Napoleon sápá ibẹ̀. Ohun tó bá nínú ẹ̀rí náà ló gbé kalẹ̀. Ó rọ àwọn ọmọ Purọ́ṣíà, ó kùn wọ́n, ó tò wọ́n síbi tí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ dà rú. Wellington ti di ẹni ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ṣe olórí ìjọba pàápàá. Ìtàn tí òun kọ ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn ogun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò wù ú kí ẹnì kan tún wá máa ka èèyàn orí pápá. Bí àwọn ọmọ Purọ́ṣíà bá pọ̀ tó yẹn, ta ló ṣẹ́gun Napoleon? Àwọn ẹmẹ̀wà̀ rẹ̀ fúngun mọ́ Siborne pé kó tún un ṣe. Gbèsè lọ́rùn, àwọn ẹni ńlá lẹ́yìn, Siborne jà títí, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Purọ́ṣíà kúrò lórí ilẹ̀ ogun kékeré náà.

Ẹ ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọmọ òjé tó tó hóró ẹ̀wà ló ń ba ẹni tó ṣẹ́gun Napoleon lẹ́rù! Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Láàárín ọjà tiwa náà, ẹni tó yá ni lówó ọjà lọ́jọ́ tí nǹkan le, bí ọrọ̀ bá dé tán, ó nira kí á dárúkọ ẹ̀ láàárín àwùjọ. Ibi tí ẹ bá ti rí àlàfo lójú ogun Siborne, ní apá ìlà oòrùn yẹn, ẹ mọ̀ pé àwọn kan ti dúró síbẹ̀ rí.

Ibi tí ọkùnrin náà le dé ni pé kò jáwọ́. Ó tún mọ òmíràn, ó gbé e jáde ní 1844, ó sì mú ìwọ̀n tí ìyẹn tóbi: ẹsẹ̀ bàtà 15 fún máìlì kan. Ìyẹn wà ní mùsíọ́ọ̀mù Royal Armouries ní ìlú Leeds. Ọdún 1844 yẹn náà ló gbé ìwé ìtàn ogun náà jáde. Ó kú ní 1849, kò rí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbà padà. Ní 1851, ọdún méjì lẹ́yìn tó kú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣọ́jà kan dáwó jọ, wọ́n ra iṣẹ́ náà. Bí ó ṣe di ohun tí aráyé ń wò nìyẹn.

MO GÒKÈ KÌNNÌÚN

Láti London, mo kọjá sí Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù. Láti ibẹ̀, Waterloo wà ní apá gúúsù, kò tó wákàtí kan. Òkè tí àwọn obìnrin alábàárù pọ̀n ni ẹ máa kọ́kọ́ rí lókèèrè, ó ga ní nǹkan bí mítà 40, kìnnìún onírin kan sì dúró lórí ẹ̀ tó kọjú sí ilẹ̀ Faransé. Àtẹ̀gùn 226 ló wà níbẹ̀. Mo gùn ún. Ẹ má bi mí bí orúnkún mi ṣe ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lórí òkè yẹn, mo rí i pé Siborne mọṣẹ́. Ohun tí mo rí ní Chelsea ló tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀: ọ̀nà tó là á láàárín, ilé oko Hougoumont lápá kan, La Haye Sainte lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ náà kò tóbi rárá. Ẹni tó bá lè rìn dáadáa á rìn ín já láàárín wákàtí kan. Àwọn èèyàn tó ju 180,000 lọ ló há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan!

La Haye Sainte ṣì jẹ́ oko olóko, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti wò ó, mọ́tò ń sáré kọjá lẹ́yìn mi. Ògiri funfun, òrùlé, ẹnu ọ̀nà ńlá. Nǹkan bí 400 ọmọ Jámánì tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣọ́ ọ lọ́jọ́ ogun, Májọ̀ Baring ni ọ̀gá wọn. Òtútù àti òjò alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti mú kí àwọn ṣọ́jà yọ ilẹ̀kùn àká oko náà, kí wọ́n fi dáná yá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọ̀tá dé, àká ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo! Wọ́n fi ara wọn dí i. Baring ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ọta ìbọn ń tán lọ, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́. Kò rí i gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọta tán, wọ́n jáde lábẹ́ ìbọn. Nínú àwọn 400 yẹn, 42 péré ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú ilé yìí kan náà ni Siborne wá gbé fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà.

ÀWỌN TÓ Ń ṢE É LÓNÌÍ

Iṣẹ́ tí Siborne ṣe kò parí pẹ̀lú rẹ̀. Lónìí, àwọn èèyàn wà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ogun Napoleon ni wọ́n ń mọ nínú ilé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n á ra ọmọ ogun onírin tàbí oníke tí wọn kò tíì kùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ní mìlímítà 28. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ kùn ún: ẹ̀wù, bọ́tìnnì, ojú, irùngbọ̀n. Wọ́n á gé fóòmù líle di òkè, wọ́n á fi POP bò ó, irú èyí tí ẹ fi ń ṣe àjà ilé. Wọ́n á fi wáyà lọ́ igi, wọ́n á lẹ fóòmù wẹ́wẹ́ mọ́ ọn di ewé. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti pa láró mọ́ ilẹ̀, ó di koríko.

Bí gbogbo ẹ̀ bá tò tán, eré ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi téèpù wọn ibi tí ẹgbẹ́ ogun kan lè rìn dé, wọ́n á ju dáìsì bí ẹ ṣe ń jù ú nínú lúdò, láti mọ ẹni tó ṣubú. Àwọn ọmọ ogun Purọ́ṣíà ló ti ń fi irú eré báyìí kọ́ àwọn ọ̀gá wọn lógun láti 1824. Ní 1913, òǹkọ̀wé H. G. Wells kọ ìwé kékeré kan lórí bí wọ́n ṣe lè fi ọmọ ogun ìṣeré ṣe é nínú ilé.

Ní oṣù kẹfà 2019, wọ́n pé jọ ní ìlú Glasgow ní Scotland, wọ́n to ogun Waterloo sílẹ̀ lákọ̀tun, ọmọ ogun kékeré tó lé ní 22,000, ọwọ́ ni wọ́n fi kun gbogbo wọn. Àwọn ọmọ Purọ́ṣíà kò sì gbẹ́yìn. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀, ẹgbẹ́ Waterloo Uncovered ni wọ́n kó o fún. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń kó àwọn ṣọ́jà ayé òde òní tí ogun ti ṣe léṣe, lára tàbí lọ́kàn, lọ sí Waterloo, wọ́n ń wa ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀. Lọ́dún 2019 yẹn náà, wọ́n hú egungun ẹsẹ̀ tí wọ́n gé jáde ní oko Mont-Saint-Jean, tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ogun. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹni kan nìyẹn, tó fi ilé sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ òjé kì í sunkún, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti wà lójú ogun rí bá gbé e dání, ó mọ ẹni tó dúró fún.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ kù díẹ̀ kí ń tó gbé bírò sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ẹni ńlá, ẹ gba owó ẹ̀ kí ẹ tó ra irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ń bá yín pàtẹ iṣẹ́ yín, ẹ jọ ka owó lójú ara yín. Ohun tí kò jẹ́ kí Siborne jèrè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo apá kejì. Àwọn tó ní owó ti tán ní 1833, ta ló mọ orúkọ wọn lónìí? Wellington ní ère káàkiri London, ṣùgbọ́n ère kò lè sọ ibi tí ẹnikẹ́ni dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, ìwájú iṣẹ́ Siborne ló ń lọ. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe dáadáa máa ń jẹ́rìí fún ẹni tó ṣe é.

Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ọjà, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa. Ẹ má gbàgbé láti sọ ibi tí ẹ dúró sí, àti irú ọkà tó wà lóko lọ́jọ́ náà.